Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn, Aboyún àti Ọmọ Inú Rẹ̀

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí wọ́n fi ń kí i ni "Ẹ kú ewu ọmọ." Ìkíni yìí kò fi ayọ̀ bo ewu mọ́lẹ̀. Ó fi hàn pé àwọn àgbà mọ ibi tí aboyún gbà kọjá: wọ́n mọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídà, wọ́n mọ ti ọmọ tí ó dábùú, wọ́n sì mọ ti ibi tí kò tètè wálẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ mọ ewu kan tí ó jẹ́ ti orí, wọ́n sì sọ ọ́ ní abísínwín, ìyẹn ni wèrè tí í dé bá ìyá ọmọ láàárín ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Àrùn bẹ́ẹ̀ a máa pariwo, gbogbo agbolé ni í gbọ́. Ṣùgbọ́n àrùn ọkàn mìíràn wà tí kì í pariwo. Obìnrin tí ó ń ṣe a máa dáná, a máa kí àlejò, a sì máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń wò ó. Inú rẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti ṣú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni à ń wí. Ó lè ti wà kí oyún tó dé, ó lè bẹ̀rẹ̀ nínú oyún, ó sì lè dúró di ẹ̀yìn ìkúnlẹ̀.

Kí a mú ìyàwó ilé kan ní ìlú Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àfiwé lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tọ́jú aboyún yóò dá irú rẹ̀ mọ̀. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìrẹ̀wẹ̀sì dé bá a, tí kò lè sùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ó sì ń rò ó pé ì bá sàn fún ọmọ náà bí òun kò bá sí láyé. Wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, dókítà sì fún un ní oògùn oníhóró kan tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kan kọjá, ó ṣì ń lo oògùn náà bí wọ́n ti ní kí ó lò ó, nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ dá dúró. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí ike oògùn lórí tábìlì.

"Ìyàwó mi, kí ni o ṣì ń fi oògùn yìí ṣe? Aboyún kì í lo oògùn orí."

"Mo ti gbọ́ yín, Màmá. N kò ní lò ó mọ́."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo hóró tí ó kù ni ó dà sí ṣáláńgá. Ìfẹ́ ọmọ ni ó mú ìyá ọkọ sọ̀rọ̀, ìfẹ́ ọmọ náà ni ó mú ìyàwó gbà. Kò sí ẹni burúkú nínú àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, nígbà tí oyún fi pé oṣù márùn-ún, ìyàwó kò sùn dáadáa mọ́, kò jẹun bí ó ti yẹ mọ́, ó sì ti pa ọjọ́ àyẹ̀wò aboyún méjì jẹ. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ewu wo ni wọ́n lé lọ, ewu wo ni wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn fún?

Àwọn kan a máa sọ pé àrùn òyìnbó ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé Yorùbá kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí ti ní ìdáhùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní nǹkan bí 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n ní Arò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, tí ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Ní 1963, òun àti Alexander Leighton, ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá. Wọ́n rí i pé bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó àrùn náà pọ̀, àwọn ènìyàn mọ àwọn àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: agbára tí ó tán nínú ara, ẹkún tí kò dáwọ́ dúró, àníyàn tí ó kọjá ààlà, oúnjẹ tí kò wu ni, ayé tí ó sú ni. Ọ̀nà tí a gbà ń sọ ọ́ jáde ni ó yàtọ̀. Orí ń gbóná, àyà ń já, ara wúwo bí òkúta, nǹkan ń rìn lára bí èèrà: báyìí ni obìnrin yóò ṣe rò ó fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tí kò bá fetí sílẹ̀ yóò kọ oògùn ibà fún un, yóò sì pe ẹlòmíràn wọlé.

Oògùn tí à ń lò fún àrùn yìí kò tí ì pé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Ní 1957 ni Roland Kuhn, dókítà kan ní ilẹ̀ Switzerland, kéde pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní imipramine mú ọkàn àwọn aláìsàn òun fúyẹ́. Amitriptyline tẹ̀lé e ní 1961. Ó ṣì wà ní àwọn ilé ìwòsàn wa títí di òní, nítorí pé kò wọ́n. Ní 1987 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fluoxetine, lẹ́yìn rẹ̀ ni sertraline àti paroxetine dé. Nínú ọpọlọ, iṣan kan a máa fi ohun kan tí à ń pè ní serotonin jẹ́ iṣẹ́ fún iṣan kejì, a sì tún gba serotonin náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àwọn oògùn tuntun wọ̀nyí a máa dí ìgbàpadà yẹn lọ́wọ́, kí ohun tí ń jẹ́ iṣẹ́ náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i láàárín iṣan méjèèjì. Bí èyí ti ṣe ń mú ìbànújẹ́ kúrò gan-an, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé kì í ṣe oògùn oorun, kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kí ẹni tí ó ń lò ó tó mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá sì dá a dúró lójijì, òòyì lè máa kọ́ ni, èébì lè máa gbé ni, oorun lè dá, ọkàn a sì máa gbọ̀n. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò, kì í sì í ṣe ohun tí a ń dà sí ṣáláńgá lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìbẹ̀rù ìyá ọkọ yẹn kò ṣàìnídìí o. Ní 1957, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta oògùn kan tí à ń pè ní thalidomide. Wọ́n ní kò léwu rárá. Àwọn aboyún sì ń lò ó kí èébì òwúrọ̀ lè dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì lè sùn. Kí wọ́n tó kó o kúrò lórí àtẹ ní 1961, ó ti ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ jẹ́. Ọmọ tí ó lé ní 10,000 ni a gbà pé wọ́n bí ní oríṣiríṣi ilẹ̀ pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò gùn tán. Láti ìgbà náà ni gbogbo ayé ti mọ̀ dájú pé ibi ọmọ kì í ṣe ògiri. Sẹ́ẹ́sẹ́ ni ó jọ: ohun púpọ̀ tí ìyá bá gbé mì ni í gbà á kọjá, tí yóò sì gba ìwọ́ dé ara ọmọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò yọ egbòogi ilé sílẹ̀. Igi asofẹ́yẹjẹ, tí èso rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ àwọn ẹyẹ, ni àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń lò fún wèrè láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Ohun agbára kan tí à ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ yọ ọ́ jáde nínú igi ará Íńdíà kan tí ó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọpọlọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣàkíyèsí pé bí ìyá bá lò ó nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, imú ọmọ tí ó bí a máa dí, kò sì ní lè mu ọmú dáadáa, nítorí pé imú ni ìkókó fi ń mí nígbà tí ọmú wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó da hóró nù ní alẹ́, tí ó sì gbé ife àgbo orí fún aboyún ní òwúrọ̀, kò tí ì gbé ọmọ inú kúrò nínú ewu.

Kí wá ni a mọ̀ nípa àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fúnra wọn? Ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń bi dókítà ni bóyá ọmọ yóò pé. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà ara ọmọ ń fìdí múlẹ̀, ọkàn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣẹ̀dá. Ní 2005, àwọn aláṣẹ ìṣègùn Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé paroxetine lè mú àléébù bá ọkàn ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti ń yẹra fún un bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 gba inú àkọsílẹ̀ aboyún 949,504 kọjá, nínú èyí tí ó lé ní 64,000 ti lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n yọ ipa àrùn náà fúnra rẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn kúrò, wọn kò rí i pé oògùn wọ̀nyí lápapọ̀ mú àléébù ọkàn ọmọ pọ̀ sí i ní ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì. Ó yẹ kí a sọ níbí pé gbogbo oògùn ọpọlọ kò rí bákan náà. Valproate, tí a ń lò fún wárápá àti fún àrùn tí í gbé ọkàn sókè sódò, kì í ṣe oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n a máa kó wọn pọ̀. Valproate léwu gan-an fún ọmọ inú: nǹkan bí 1 nínú 10 àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó ni ó ń ní àléébù ara. Obìnrin tí ó bá ń lò ó, tí ó sì ń retí oyún, ní láti tètè bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, nítorí wárápá pàápàá lè pa á.

Ewu kejì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó le. Nígbà tí ọmọ bá mí èémí àkọ́kọ́, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gbọ́dọ̀ là kí ẹ̀jẹ̀ lè lọ gba afẹ́fẹ́. Nínú àwọn ọmọ kan, kò ní là bí ó ti yẹ. Ìwádìí tí a ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè apá àríwá Yúróòpù, tí ó jáde ní 2012, tí ó sì ka ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀, fi hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí 1 nínú 1,000 ọmọ, àti sí nǹkan bí 3 nínú 1,000 bí ìyá bá lo oògùn fluoxetine àti irú rẹ̀ ní apá ìkẹyìn oyún. Ó pọ̀ sí i lóòótọ́. Síbẹ̀, 997 nínú 1,000 ni kò ní í.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ẹ̀kẹta. Nǹkan bí 3 nínú 10 àwọn ọmọ tí ìyá wọn lo irú oògùn yìí títí di ọjọ́ ìbímọ ni ó máa ń ní ìṣòro díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn a máa gbọ̀n, wọn a máa ké kíkankíkan, ọmú mímu a ṣòro, èémí a yára. Ọmọ tí ó ti ń bá ìyá rẹ̀ gba oògùn láti inú wá ni, tí a sì já ìwọ́ rẹ̀ lójijì. Lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni yóò lọ, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kì í sábà fẹ́ oògùn; gbígbé mọ́ àyà, ọmú lóòrèkóòrè àti ibi tí kò sí ariwo ni ọmọ ń fẹ́. Nítorí èyí ni ó fi dára kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bímọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì ṣọ́ ọmọ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọmú ńkọ́? Sertraline tí ń bọ́ sínú omi ọmú kéré púpọ̀, àwọn dókítà kì í sì í sábà ní kí ìyá tí ó ń lò ó já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Èyí ni ọwọ́ kan ìwọ̀n. Ọwọ́ kejì ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé, bí ẹni pé aboyún tí kò lo oògùn kò ní ohunkóhun tí ń dé bá ọmọ inú rẹ̀. Aboyún tí ó rẹ̀wẹ̀sì kì í jẹun tó, kì í sùn tó, kì í sì í lọ fún àyẹ̀wò déédéé. Ìwádìí káàkiri ayé fi hàn pé ọmọ irú aboyún bẹ́ẹ̀ sábà ń dé kí oṣù rẹ̀ tó pé, tàbí kí ó wá ní kékeré, ju ti àwọn yòókù lọ. Ìrònú ikú sì ń bẹ, tí a kì í fẹ́ dárúkọ.

Ní Iléṣà, Abíọ́dún Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyá 876 wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Nínú ìròyìn wọn tí ó jáde ní 2005, 128 nínú àwọn ìyá náà ni ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì, ìyẹn 14.6 nínú 100. Bí obìnrin méje bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé ọmọ dání de abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀kan nínú wọn ni. Ní 2007 wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí aboyún 180 tí oyún wọn ti dàgbà: 8.3 nínú 100 ni ó ní in. Ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn tí kò ní ọkọ nílé, àwọn tí ó wà nílé olórogún, àwọn tí ọmọ ti kú mọ́ nínú rí, àti àwọn tí kò rí ẹni fẹ̀yìn tì. Èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ kà lẹ́ẹ̀mejì ni ti 2008. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní ìrẹ̀wẹ̀sì àti àwọn tí ìyá wọn kò ní. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà, àwọn ọmọ apá kìn-ín-ní kò wúwo tó, wọn kò sì gùn tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìyá wọn tètè já wọn lẹ́nu ọmú, ìgbẹ́ gbuuru sì ń ṣe wọ́n jù. A kò ní fi gbogbo rẹ̀ lé ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lórí, nítorí àìní pẹ̀lú ń jà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tún lè sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá nìkan ni.

Àti ẹni tí ó dá oògùn dúró ńkọ́? Ní 2006, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan jábọ̀ lórí aboyún 201 tí wọ́n ti ní ìrẹ̀wẹ̀sì ńlá rí, tí oògùn sì ti mú ara wọn dá. Nínú àwọn tí ó dá oògùn dúró, 68 nínú 100 ni àrùn náà tún wọlé tọ̀ kí wọ́n tó bímọ. Nínú àwọn tí ó ń lò ó lọ, 26 nínú 100. Oyún fúnra rẹ̀, tí a máa ń rò pé ó ń mú inú obìnrin dùn, kò dáàbò bò wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo aboyún tí ó rẹ̀wẹ̀sì ni ó nílò oògùn. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ kọ́ àwọn agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú aboyún 29 bí wọn yóò ṣe máa jókòó ti aboyún, kí wọ́n jọ tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aboyún 686 ni ó wà nínú iṣẹ́ náà. Èsì rẹ̀ tí ó jáde ní 2019 fi hàn pé ní oṣù kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, ó lé ní 6 nínú 10 tí ara wọn ti yá, yálà wọ́n gba ìtọ́jú tí ó jinlẹ̀ tàbí èyí tí ó fúyẹ́. Fún ẹni tí àrùn rẹ̀ kò le, irú èyí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé wá. Ẹni tí àrùn rẹ̀ le, tàbí tí ó ti ṣe é rí bíi ti olùkọ́ Ọ̀fà yẹn, ni ọ̀rọ̀ oògùn kàn.

Nǹkan kan tún wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n fi ń dá àrùn yìí mọ̀ lára ìyá ọmọ káàkiri ayé. John Cox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e jáde ní Scotland ní 1987. Ṣùgbọ́n ní Ùgáńdà ni Cox ti kọ́kọ́ ṣèwádìí nípa ọkàn àwọn aboyún, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ìgbà náà. Adéwùyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò láàárín àwọn obìnrin tiwa, ó sì ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kẹwàá ni ó bi ìyá bóyá ó ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lára. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní Ọ̀fà fúnra rẹ̀ ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìlera ti Ìpínlẹ̀ Kwara wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ dojú kọ aboyún ní ìgbèríko. Bí wọ́n bá mọ ìbéèrè wọ̀nyí sórí, wọn yóò mọ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n darí sí Ìlọrin, sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì níbẹ̀. Òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí ó gba ipò òfin wèrè ti 1958, ti gba ẹnu ẹni tí ó fẹ́ fi ìtìjú lé aláìsàn sẹ́yìn.

Olùkọ́ wa ní Ọ̀fà kò tí ì pẹ́ jù. Bí ó bá padà sọ́dọ̀ dókítà ní oṣù karùn-ún, a kì í sábà fún un ní oògùn àjèjì. Èyí tí ó ti ṣe é lóore tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sábà ń dá padà, ní ìwọ̀n tí yóò tó o. Oògùn tí kò tó, tí kò mú àrùn lọ, a fi ewu méjèèjì kan ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára kí ìyá ọkọ bá a lọ, kí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún un, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ ni ọmọ yóò wà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tí ìyá ọkọ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé. Bí ọwọ́ ọmọ tuntun bá ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wá sí àgbà lẹ́nu ni gìrì. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù sè, tí wọ́n ń lò fún gìrì ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́, tí àwọn kan ṣì ń lò, a máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, kí èémí rẹ̀ sì fà. Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ó pa tàbí tí ó sọ di aláàbọ̀ ara. Kí wọ́n di ọwọ́ ọmọ náà mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró bí a ti dì í mú, tí ọmọ sì lajú tí ó ń wò, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti oògùn tí ń kúrò lára rẹ̀. Kí a fún un lọ́mú, kí a sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀, kí ó lè yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí kò bá dáwọ́ dúró lábẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú, gìrì lè jẹ́ lóòótọ́, ilé ìwòsàn sì ni kí wọ́n gbé e lọ ní wéréwéré, láìfi ohunkóhun sí i lẹ́nu.